Ọ̀nà Tí Ooru Ń Gbà Jáde

Ní Ìbàdàn ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ mọ ilé tí owó Udoji wọ̀ kò ní láti kanlẹ̀kùn. Ẹ̀yìnkùlé ni yóò gbà. Yóò rí àpótí irin kan tó yọ síta lára ògiri, omi á máa kán tó-tó-tó lábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ ibi tí omi náà ń kán sí á sì ti di aláwọ̀ ewé. Ìparí ọdún 1974 ni ìjọba kéde àfikún owó oṣù náà, wọ́n sì san àjẹsílẹ̀ rẹ̀ ní 1975. Àwọn òṣìṣẹ́ fi tiwọn ra alùpùpù, wọ́n ra tẹlifíṣọ̀n, àwọn tó wà lókè díẹ̀ sì ra éèsì. Nígbà tí èmi fi máa lọ kọ́ṣẹ́ fíríìjì ní 1983, àwọn éèsì Udoji wọ̀nyí ti ń darúgbó, owó tí wọ́n fi rà wọ́n kò sì sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Agbede-méjì ogbó ẹ̀rọ àti àìlówó olówó yìí ni ọ̀gá mi ti ń jẹun.

Ṣọ́ọ̀bù wa wà ní Mọ́kọ́lá. Ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún kọ́mpúrẹ́sọ̀ àti kóìlì tí wọ́n tú lára àwọn ẹ̀rọ tí omíyalé Ògùnpa ti 1980 bàjẹ́, ibẹ̀ la sì ti ń wá pátì bí a ò bá rí i rà. Ọ̀gá mi pẹ́lẹ́ńgẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ti bá àwọn òyìnbó kan ṣiṣẹ́ ní Èkó kí ogun abẹ́lé tó dé, ohun tó sì kó bọ̀ lọ́dọ̀ wọn kì í ṣe owó. Àṣà kí a má fọwọ́ kan ẹ̀rọ kí ojú tó rí i tán ni.

Kò sí oníbàárà kan tí kì í ti ilé mú orúkọ àrùn ẹ̀rọ rẹ̀ wá bá wa, orúkọ kan náà sì ni: gáàsì ti tán. Onílé á wọlé, á ní, "Ọ̀gá, éèsì mi kò tutù mọ́, gáàsì rẹ̀ ti tán, ẹ wá bá mi rọ ọ́." Ọ̀gá á kí i dáadáa, á fún un ní ìjókòó, á wá bi í pé, "Ta ló rí i nígbà tó ń lọ?"

Ó ní àlàyé tó máa ń ṣe fún àwa ọmọ iṣẹ́, kò sì jọ pé ó kó o látinú ìwé. "Éèsì kì í ṣe òtútù. Ooru ló wà nínú yàrá, ooru náà ni éèsì ń rù síta. Gáàsì ni alábàárù. Ó gbẹ́rù níwájú, ó lọ sọ ọ́ sẹ́yìn, ó padà wá gbé òmíràn. Ẹ ti rí alábàárù tó tán sójú ọ̀nà rí?"

Mo padà rí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé nígbà tó yá. Gáàsì R-22 tó wà nínú àwọn éèsì ìgbà yẹn a máa hó ní nǹkan bí 41 nísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius bó bá wà ní gbangba. Nínú kóìlì iwájú, kọ́mpúrẹ́sọ̀ a máa fà á dé ibi tí yóò ti máa hó ní bíi 5 lókè òdo. Ohun tó bá sì ń hó gbọ́dọ̀ gba ooru lọ́wọ́ nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ yàrá ló ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ́mpúrẹ́sọ̀ á wá fún un pọ̀ títí yóò fi gbóná ju afẹ́fẹ́ ìta lọ, yóò sọ ẹrù ooru náà kalẹ̀ ní kóìlì ẹ̀yìn, yóò di olómi, yóò sì gba inú páìpù tín-ín-rín kan padà síwájú. Ọ̀nà náà kò ní ojú kankan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gáàsì kì í jó dànù nínú rẹ̀ bíi bẹntiróòlù. Bó bá dín, ibì kan ló ti lu.

Nítorí náà, bí ọ̀gá mi bá délé oníbàárà, àga ló máa kọ́kọ́ béèrè. Á jókòó sínú yàrá náà bí àlejò tó wá kí ìyàwó ọ̀ṣìngín, ojú rẹ̀ á máa lọ sókè sódò. Àwọn onílé kì í fẹ́ràn èyí rárá. Ẹni tí wọ́n pè wá ṣiṣẹ́ ló jókòó! Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ bí fáànù ṣe ń dún, ó ń dúró de ìgbà tí kọ́mpúrẹ́sọ̀ máa bọ́ sẹ́nu iṣẹ́, ó ń wo ibi tí oòrùn ń gbà wọlé. Lẹ́yìn náà á fa tẹmọ́mítà kan jáde nínú àpò, irú èyí tí àwọn fọ́tò-gíráfà fi ń wọn omi ìfọfọ́tò nínú yàrá òkùnkùn. Á fi í sí ibi tí ẹ̀rọ ti ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, á kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, á tún fi í sí ẹnu ibi tó ti ń fẹ́ ẹ jáde. Bí afẹ́fẹ́ tó ń jáde bá fi nǹkan bíi 8 sí 11 tutù ju èyí tó ń wọlé lọ, á dá tẹmọ́mítà padà sápò. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ẹjọ́ kù sọ́dọ̀ yàrá.

Ilé tí yàrá ti jẹ̀bi pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ìgbà lúfà nìgbà yẹn. Àwọn tó kọ́ ilé wọ̀nyí kọ́ wọn fún afẹ́fẹ́ ọ̀fẹ́: fèrèsé fẹ̀, gíláàsì lúfà tò lórí ara wọn, àlàfo sì wà láàárín wọn kódà bí wọ́n bá tì wọ́n gbọn-in. Kí wọ́n tó gbé éèsì sínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ẹnì kan bi wọ́n pé ta ni wọ́n fẹ́ mú tutù, àwọn ni àbí àdúgbò? Ọ̀gá á ṣá ìṣáná, á fẹ́ iná rẹ̀ pa, á sún èéfín rẹ̀ mọ́ ojú lúfà, onílé á sì fojú ara rẹ̀ rí i bí èéfín ṣe ń sáré gba àlàfo jáde. Àjà náà wà níbẹ̀. Ilé alájà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lábẹ́ páànù, ní oṣù Ẹrẹ́nà, oòrùn aago mẹ́ta á ti sọ òkè àjà di ààrò. Mo rántí pálọ̀ ńlá kan ní Ìyágànkú tó jẹ́ pé éèsì ẹlẹ́ṣin kan (1 HP) péré ni wọ́n fi sí i. Ẹ̀rọ ẹlẹ́ṣin kan, bíi 9,000 BTU, kò lè rù ju nǹkan bí ooru 2,600 wáàtì lọ. Èèyàn kan tó jókòó jẹ́ẹ́ ń tú nǹkan bí 100 wáàtì jáde lára. Alhaji tó ni pálọ̀ náà kì í ṣàìní àlejò mẹ́wàá lálẹ́, fíríìsà ìyàwó rẹ̀ sì wà ní igun yàrá, òun náà ń da ooru tirẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá sọ fún un pé kí wọ́n gbé fíríìsà jáde, kí wọ́n sì ta aṣọ tó nípọn sójú fèrèsé ìwọ̀-oòrùn. Alhaji wò ó títí. Ó jọ pé ohun tó ń retí ni sílíńdà gáàsì lórí èjìká ẹnì kan.

Bó bá wá jẹ́ pé afẹ́fẹ́ tó ń jáde kò tutù tó, asẹ́ tó wà níwájú ẹ̀rọ ni yóò kọ́kọ́ fà yọ. Ní àsìkò ọyẹ́, iṣẹ́ yìí nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bọ́ ṣọ́ọ̀bù wa. Ìyá aláṣọ kan wà ní Gbági tó gbé éèsì sí ìsọ̀ rẹ̀ nítorí àwọn oníbàárà ńlá. Ọjọ́ tí a dé ibẹ̀, yìnyín ti bo kóìlì iwájú pátápátá, ó funfun lẹ́yìn asẹ́. Ìyá náà ń tọ́ka sí i pé, "Ṣé ẹ̀ ń rí i? Yìnyín nìyí, ara mi ń gbóná. Irú kí lèyí?" Ìhúhù òwú láti ara aṣọ ló ti dí asẹ́ náà bí ẹní tí wọ́n hun. Afẹ́fẹ́ yàrá kò rí ọ̀nà kọjá lórí kóìlì, gáàsì inú kóìlì kò rí ooru gbà, kóìlì wá tutù kọjá òdo, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì ń dì mọ́ ọn lára. Yìnyín náà ń di ìwọ̀nba ọ̀nà tó ṣẹ́kù. Yìnyín ń pọ̀ sí i, yàrá ń gbóná sí i. Ẹni tó bá rọ gáàsì síbẹ̀ ti fi owó ṣòfò.

A pa kọ́mpúrẹ́sọ̀, a fi fáànù nìkan sílẹ̀ kó máa fẹ́ títí yìnyín fi yọ́ tán. Èmi ni mo lọ fọ asẹ́ náà pẹ̀lú omi ọṣẹ. Nígbà tí a tan ẹ̀rọ padà, ìsọ̀ náà tutù débi pé ìyá aláṣọ fa ìborùn bora. Àsìkò owó wá tó.

"Ọṣẹ tèmi, omi tèmi," ni ìyá wí. "Kí wá ni kí n sanwó ẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ ni ọṣẹ lóòótọ́, ìyá," ni ọ̀gá dá a lóhùn. "Ohun tí ẹ máa fi í fọ̀ ni ẹ ò mọ̀."

Ó sanwó, ó ń kùn, ó sì tún ránṣẹ́ pè wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni onílé kì í rántí, nítorí ìta ló wà. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni alábàárù ti ń sọ ẹrù kalẹ̀. Ní Òkè-Àdó, aládùúgbò ẹnì kan mọ ògiri tuntun sún mọ́ ẹ̀yìn éèsì rẹ̀ débi pé apá mi há síbẹ̀ nígbà tí mo fẹ́ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá kóìlì. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ẹ̀rọ náà ń tú jáde ń kọlu ògiri, ó ń padà sínú ẹ̀rọ kan náà. Ọ̀gá ní kí wọ́n gbé éèsì lọ sí ògiri kejì. Iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà ló máa gbà, onílé kò fẹ́ náwó síbẹ̀, ó ní kí a rọ gáàsì. Ọ̀gá kọ̀, a sì kó irinṣẹ́ wa. Ẹlòmíràn bá a rọ ọ́. Gáàsì tó pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ tí kò rí ibi mí sí ń mú kí ìfúnpá ẹ̀yìn ga sí i, kọ́mpúrẹ́sọ̀ a sì máa gbóná jù. Kí òjò tó dé, kọ́mpúrẹ́sọ̀ náà ti jó, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n sì gbé e wá.

Ọ̀rọ̀ omi wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn náà. A kì í gbé éèsì ojú fèrèsé sí i gbọọrọ. A máa ń dẹ ẹ̀yìn rẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kí omi má baà ṣàn wọ pálọ̀. Ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ ìgbà yẹn, fáànù ẹ̀yìn ní òrùka kan létí tó máa ń bu omi tó bá rọ́gùn sí ìsàlẹ̀, á máa fọ́n ọn sára kóìlì gbígbóná. Omi tútù tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ fà jáde nínú afẹ́fẹ́ yàrá ló tún fi ń tu ara rẹ̀ lẹ́yìn. Ọgbọ́n ńlá ni, mi ò sì tíì rí ẹni tó yìn ín. Ohun tí àwọn onílé mọ̀ ni pé ó ń pariwo, ṣàkà-ṣàkà-ṣàkà, wọ́n á sì ní kí ẹnì kan lu ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Omi á ṣàn dànù, ariwo á dákẹ́, lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú gan-an, wọ́n á ní gáàsì ti tán.

Iná náà kò gbẹ́yìn. Olùkọ́ yunifásítì kan wà tí éèsì rẹ̀ kì í tutù lálẹ́ àfi tí òru bá ti jìn gan-an. Láti aago méje alẹ́, afẹ́fẹ́ lásán ni. Bí ó bá di aago kan òru, òtútù á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ti sọ pé ẹni tó ń dá a lóró mọ àsìkò tó ń dé láti ibi iṣẹ́. Àwọn onífíríìjì tó ti wá, ọ̀sán ni wọ́n ń wá, ọ̀sán kò sì ní ìṣòro. Ọ̀gá ní alẹ́ la máa lọ. Aago mẹ́jọ, gílóòbù pálọ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí a ṣe wọlé. Ó fi mítà sí ojú iná: fólítì 160. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún 220 sí 240 ni. A dákẹ́ láti gbọ́ ọ. Kọ́mpúrẹ́sọ̀ á gbìyànjú láti dìde, á kùn gbùùù, lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan á dún tá!, á sì dákẹ́. Ohun tó ń dún tá yẹn ni ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ọ kó má jó. Bó bá ti gbóná jù, á já iná rẹ̀. Fáànù kò mọ̀ ọ́n, fáànù ń fẹ́ lọ ní tirẹ̀, onílé sì rò pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Bí àdúgbò bá ti pa iná àti ẹ̀rọ wọn lọ sùn, fólítì á gòkè, kọ́mpúrẹ́sọ̀ á dìde. Sítébíláísà la fi parí rẹ̀, a sì pààrọ̀ kápásítọ̀, nítorí ìjàkadì alaalẹ́ yẹn ti mú un wú níkùn. Ìyá ìyàwó kò gbà. Ó ní iná náà, ta ló ń fà á sílẹ̀?

Kápásítọ̀ nìkan tó ohun tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ lé lórí ní 1984. Ìjọba ológun ti gorí àlééfà, láísẹ́ńsì láti kó ọjà wọlé ti di ọ̀wọ́n, kápásítọ̀ kékeré kan lè mú wa rìn láti Dùgbẹ̀ dé Èkó. A ń tú wọn lára òkú ẹ̀rọ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù mìíràn máa ń fi súkúrúdíráfà so ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀ kó lè ta pàrà, wọ́n á ní ó ṣì gbà. Ọ̀gá mi kì í gbà kí a ṣe bẹ́ẹ̀. Kápásítọ̀ a máa pa iná mọ́ra lẹ́yìn tí èèyàn ti fa pílọ́ọ̀gì yọ, ó sì lè gbé ọwọ́ èèyàn sọnù. Gílóòbù tí a so wáyà méjì mọ́ la fi ń fa iná inú rẹ̀ tán kí a tó fọwọ́ kàn án.

Gáàsì a máa dín nígbà mìíràn o. Ìgbà náà ni inú wa máa ń dùn jù, nítorí iṣẹ́ gidi ti dé. Ara rẹ̀ ló ń sọ ọ́: yìnyín á wà ní apá kékeré kan ní ìbẹ̀rẹ̀ kóìlì, ìyókù á gbẹ, á lọ́ wọ́ọ́rọ́. A óò wá ibi tí ọ̀rá bá ti hàn lára páìpù, nítorí epo kọ́mpúrẹ́sọ̀ ń bá gáàsì rìn, ibi tí ọ̀kan bá gbà jáde ni èkejì ń gbà. A óò pa hóhó ọṣẹ sí ojú oríkèé kọ̀ọ̀kan, a óò máa wo ibi tó ti máa wú. Bí ọṣẹ kò bá rí i, ọ̀gá á gbé fìtílà jáde. Fìtílà kékeré kan ni, gáàsì ìdáná ló ń jó, ó ní rọ́bà gígùn tó ń fa afẹ́fẹ́ wá sí ojú iná, kọ́pà kan sì wà nínú rẹ̀ tó ń pọ́n. A óò máa fi ẹnu rọ́bà náà tọ páìpù lọ díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti kan ibi tó lu, iná á di aláwọ̀ ewé rokoṣo. Mi ò mọ ohun tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. A máa ṣí gbogbo fèrèsé kí a tó tàn án, nítorí èéfín tó ń jáde nígbà náà májèlé ni.

A óò jó ojú ibẹ̀ pa, a óò rọ R-22 sí i díẹ̀díẹ̀, gééjì á máa gòkè lọ sí bíi psi 65 ní ẹ̀gbẹ́ tó ń fà, ọ̀gá á sì fi àtẹ́lẹwọ́ di páìpù tó ń padà sí kọ́mpúrẹ́sọ̀ mú. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, a dúró. Gáàsì tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀rọ kí a tó jó o, afẹ́fẹ́ la ń tú u sí, fùùù, bí ẹni tú omi dànù. Ní 1987 ni wọ́n tọwọ́ bọ Àdéhùn Montreal nítorí àwọn gáàsì tí kílórínì inú wọn ń jẹ ìbòrí ósóònù lójú ọ̀run, R-22 náà sì ní kílórínì nínú. Ní Mọ́kọ́lá, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ọ̀gá wa tó ń bá wa jà lórí ìṣó kan tó bọ́ sọnù kò rí nǹkan kan nínú fùùù yẹn.

Lẹ́yìn SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986, náírà já, éèsì tòkunbọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ohun tí a mọ̀ nípa ìwọ̀n àti ìtàn ẹ̀rọ kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ẹ̀rọ náà ti wá. Mo gba fíríìdọ̀mù mi láàárín àsìkò náà. Nígbà tó yá, éèsì onípín-méjì dé, iwájú nínú yàrá, ẹ̀yìn lórí òrùlé tàbí lára ògiri ìta, páìpù kọ́pà láàárín wọn. Wọ́n fi pákó dí àwọn ihò ògiri tí àwọn àpótí ìgbà Udoji gbé wà. Oríkèé tó lè lu pọ̀ sí i, nítorí ọwọ́ èèyàn ló ń so páìpù náà pọ̀ nílé oníbàárà. Fìtílà ọ̀gá mi kò sì wúlò fún àwọn gáàsì tuntun: R-410A àti R-32 kò ní kílórínì, iná kò ní yí àwọ̀ padà fún wọn, R-32 sì lè gbiná. Ẹni tó bá gbé iná ṣíṣí lọ wá ibi tí R-32 ti ń jò ń wá wàhálà.

Ọ̀nà tí ooru ń gbà jáde kò yí padà ní tirẹ̀. Yàrá, asẹ́, kóìlì, kọ́mpúrẹ́sọ̀, kóìlì ẹ̀yìn, ìta. Mo ṣì ń rí ẹ̀rọ ìta tí wọ́n fi àgò irin dí níwájú nítorí olè, mo sì ń rí asẹ́ tí wọn kò yọ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e kọ́. Láìpẹ́ yìí, ọmọkùnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ wa pè mí láti orí òrùlé oníbàárà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, onípín-méjì ẹlẹ́ṣin kan ààbọ̀ ni. Gáàsì mélòó ni kí n rọ sí i?"

Mo ní, "Asẹ́ inú yàrá ńkọ́, ṣé o ti fà á yọ wò?"

Ó ní òun ò tíì wọ yàrá. Mo bi í bóyá ó ti wọn fólítì. Kò tíì wọ̀n ọ́n. Mo ní kó sọ̀kalẹ̀, kó béèrè àga lọ́wọ́ onílé, kó lọ jókòó.

"Bàbá," ló wí, ẹ̀rín sì ń pa á, "wọ́n ti sanwó gáàsì."